Eré Àwọn Lọ́yà Méjì Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Parí

Orin tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré náà ṣì máa ń dé sí mi létí títí dòní, pàápàá nígbà tí mo bá ń fọ abọ́ tí ọkàn mi kò sí níbì kan pàtó. Dùùrù ló ń ṣáájú, fèrè kan á wá gùn ún lẹ́yìn. Inú mi á kọ́kọ́ dùn bíi ti ọmọdé, lẹ́yìn náà ni àyà mi á já. Eré àwọn lọ́yà méjì ni, tí wọ́n jọ ní ọ́fíìsì kan ní ìlú òyìnbó. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe fi ìṣẹ́jú díẹ̀ tó gbẹ̀yìn eré yẹn ba àárín bàbá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́, àti bí mo ṣe dákẹ́ lé e lórí.

Mushin là ń gbé láàárín àwọn ọdún 1980 yẹn. Yàrá kan àti pálọ̀ ló jẹ́ tiwa lẹ́yìn ilé, ṣọ́ọ̀bù méjì tó kọjú sí títì sì ni ilé ìtẹ̀wé bàbá mi. Mo sọ pé ti bàbá mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jọ ni ín. Ibi kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti jọ kúrò tí wọ́n sì jọ ra ẹ̀rọ àlòkù kan tó máa ń mi gbogbo ilé tìtì bó bá ti ń ṣiṣẹ́. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ti bàbá mi ṣáájú, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e, àmì òyìnbó tó dúró fún "àti" sì ká jọ sáàárín wọn bí ejò tó ń yá oòrùn.

Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́. Ọ́ńkù ni mo ń pè é. Ènìyàn kúkurú ni, ó mọ́ tónítóní, ó sì máa ń ká épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ sí mẹ́rin ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tó fẹ́ kó o sínú àpótí. Òun ló ń to lẹ́tà òjé, bàbá mi ló ń wa ẹ̀rọ, bàbá mi náà ló sì ń ka púrúùfù, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde, láti wo àṣìṣe inú rẹ̀. Bàbá mi máa ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí ilé bá ń jó lórí ọmọ Ọ̀yọ́, ńṣe ni yóò kọ́kọ́ kí onílé kú ìrọ̀lẹ́, tí yóò béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, kó tó wá sọ pé ó jọ pé òun rí èéfín díẹ̀. Ọ́ńkù á rẹ́rìn-ín. Á ní Ìjẹ̀bú náà á ti pariwo iná kí wọ́n tó ṣáná rárá.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, Ọ́ńkù kì í lọ sílé rẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó tààrà. Ìyá mi ní kẹ́tù ike aláwọ̀ ewé kan tó máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi fún àlùwàlá rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni wá, kò sí ẹlòmíràn tó ń fi kẹ́tù náà ṣe ohunkóhun. Á ṣe àlùwàlá, á kírun ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ wa, lẹ́yìn náà á wá jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, eré àwọn lọ́yà á sì bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni ògbufọ̀ wọn. Fọ́ọ̀mù tíírì ni mo wà ní ilé ìwé kan ní Yaba, èmi nìkan ni òyìnbó àwọn aláwọ̀ funfun yẹn sì yé nínú ilé wa, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gba imú kíákíá. Èdè òyìnbó tí bàbá mi àti Ọ́ńkù mọ̀ jẹ́ ti ojú ìwé. Wọ́n lè tò ó, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n etí wọn kò lè bá a sáré. Mo máa ń jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá tẹlifíṣàn, tí mo ń gbà á lẹ́nu wọn tí mo sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo gbádùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àgbàlagbà mẹ́ta á dákẹ́, wọ́n á máa wo ẹnu mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń yé mi. Ibi tí kò bá yé mi, mo máa ń fi ti ara mi dí i, nítorí ó sàn fún mi kí n purọ́ ju kí n sọ pé mi ò mọ̀ lọ. Ìgbéraga ni, ó sì ti wà lára mi kí n tó mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn lọ́yà inú eré náà, ọ̀kan ti hu ewú, èkejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin onírunmú. Orúkọ àwọn náà wà lára gíláàsì ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn, ìyẹn ló sì mú bàbá mi fẹ́ràn wọn láti ọjọ́ kìíní. Kò pẹ́ tí òun àti Ọ́ńkù fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní Lọ́yà. Láàárín ariwo ẹ̀rọ wàá gbọ́ tí bàbá mi ń pè, "Lọ́yà, ṣé tàdáwà kù?" Ọ́ńkù á dáhùn pé, "Ó kù, Lọ́yà, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀tù ní kí ẹ rọra lò ó." Àwọn oníbàárà tí kò mọ̀dí á máa wojú wọn.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, Ọ́ńkù kò sí nílé wa. Ó lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Eré ọjọ́ náà dùn gan-an. Àgbà lọ́yà ní oníbàárà kan, obìnrin ọlọ́lá tó ti wà lọ́dọ̀ wọn tipẹ́, obìnrin náà sì fẹ́ kó ẹjọ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ẹnì kan wá sọ fún àgbà lọ́yà pé òun rí èkejì rẹ̀ tó ń yọ́ lọ sílé obìnrin náà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Àgbà lọ́yà padà sí ọ́fíìsì. Ó bá onírunmú tó dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ó ti ilẹ̀kùn, ó la ẹnu, wọ́n sì mú iná lọ.

Gbogbo àdúgbò ló ké. Bàbá mi jókòó síbẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ń retí, ìyá mi tan àtùpà, iná kò dé. Bàbá mi ní kí n béèrè ìparí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi tí mo bá dé ilé ìwé. Mo béèrè ní ọjọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ibi tí iná wà, àwọn kan ń wo bọ́ọ̀lù, àwọn kan kò ní tẹlifíṣàn. Gbogbo ohun tó yẹ kí n lọ sọ nílé kò ju ìyẹn lọ: kò sẹ́ni tó wò ó.

Nígbà tí mo dé láti ilé ìwé, ìyá mi ní kí n gbé oúnjẹ lọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ́ńkù ti dé láti Ọ̀yọ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń to lẹ́tà. Bàbá mi dúró ti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń po tàdáwà lé lórí, ó ń fi ọ̀bẹ họ èyí tó ti gbẹ mọ́ ọn, nítorí iṣẹ́ ọjọ́ Ajé nìyẹn, kí tàdáwà tuntun tó lè dúró. Ọ́ńkù kò yíjú padà. Ó ní òun gbọ́ pé kọ́ọ̀tù jókòó lẹ́yìn òun, kí ni wọ́n dá lẹ́jọ́? Bàbá mi ní òun pàápàá kò mọ ìparí rẹ̀, iná lọ, ṣùgbọ́n lọ́yà kékeré yìí yóò ti gbọ́ ọ ní ilé ìwé.

Èmi ni lọ́yà kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí àgbàlagbà méjì ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ní mọ bó ṣe ń pani. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ kíláàsì wa kan tó ń gbé Surulere sọ ọ́ fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí ìbẹ̀rẹ̀, torí pé Ọ́ńkù kò wò ó rárá. Mo sọ ti obìnrin oníbàárà, mo sọ ti onírunmú tó ń yọ́ lọ sílé rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí iná ti lọ, mo wo iwájú mi, ọwọ́ bàbá mi ni mo rí, pẹ̀lú ọ̀bẹ, tó ń họ irin.

Mo ní àgbà lọ́yà kò sọ nǹkan kan. Mo ní kò bá a jà, kò bi í léèrè. Ó dúró di ìgbà tí èkejì lọ sílé, ó wá mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, ó họ orúkọ rẹ̀ kúrò lára gíláàsì, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, títí kò fi kù ju orúkọ tirẹ̀ lọ. Nígbà tí onírunmú dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí gíláàsì náà, òun náà kò béèrè ohunkóhun. Ó yí padà, ó sì lọ. Mo ní ibẹ̀ ni eré parí sí. Ó dára létí ara mi, inú mi sì dùn sí i.

Bàbá mi kò dá iṣẹ́ tó ń ṣe dúró. "Ó tó sí i," ó ní, bó ti ń họ irin. "Èèyàn á máa gba ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ sílé oníbàárà? Kí ni wọ́n á tún máa bá a sọ?"

Ọwọ́ Ọ́ńkù dúró lórí àpótí lẹ́tà. Mo rí i pé ó dúró. Kò yíjú sí wa.

"Mo gbọ́," ló sọ.

Mo rò pé èmi ló ń dá lóhùn. Mo kó abọ́ àárọ̀ padà sílé.

Ó ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó fọ ọwọ́, ó ká épúrọ́ọ̀nù sí mẹ́rin. Ní ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pé ara òun kò yá. Ní ọjọ́rú ó wá fúnra rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, ó mú irin tó fi ń to lẹ́tà, èyí tó jẹ́ tirẹ̀ láti ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́, kò mú ohun mìíràn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ó máa rí ara wa." Bàbá mi rò pé dókítà ló ń lọ rí. Ó ní kó má pẹ́.

Bí onírunmú ti ẹnu mi ṣe ṣe gan-an ló ṣe. Kò béèrè, ó yí padà, ó lọ.

Bàbá mi lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Ọ́ńkù gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n gbé ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò fún un, wọ́n béèrè ìyá mi, wọ́n béèrè mi. Bàbá mi, tí kì í yí ọ̀rọ̀ po, bi í tààrà pé kí ni òun ṣe. Ọ́ńkù ní, "Ẹ ò ṣe nǹkan kan, sà." Ó ní ara òun ló ní kí òun sinmi. Ní ìgbà kejì, ó tún fi ẹ̀rín músẹ́ kan náà sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ó sì sìn ín dé ẹnu títì. Bàbá mi padà wálé, ó jókòó láìbọ́ bàtà. Ó sọ fún ìyá mi pé ẹni tó bá bú òun sàn fún òun ju ẹni tó rẹ́rìn-ín sí òun báyẹn lọ.

Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé èmi ni. Mo bá wọn ṣe háà ni. Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ló yé mi. Obìnrin kan tó bá wa gbé ilé máa ń gbé korobá rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ mi, èmi tí mò ń to bàtà mi jẹ́jẹ́, pé ṣé ojú mi fọ́ ni, ṣé bí wọ́n ṣe ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn ènìyàn nìyẹn, ṣé mi ò mọ̀ pé àjọgbé là ń gbé. Mi ò gbé nǹkan kan sí ọ̀nà. Obìnrin náà jáde, ó gbé korobá rẹ̀, ó sì wọlé láìsọ̀rọ̀. Ìyá mi fọwọ́ pa mí lórí, ó ní kí n máa lọ sí ilé ìwé.

Bí àwọn àgbà wa ṣe ń ṣe nìyẹn, mo sì ti ń rí i láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ẹnikẹ́ni kì í la ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú. Ọmọdé ni wọn yóò bá wí, ọmọdé ni wọn yóò rán, kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ lè gbọ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Mo dúró lójú ọ̀nà Yaba pẹ̀lú báàgì mi lọ́wọ́, mo rí ẹ̀yìn Ọ́ńkù, mo rí ọ̀bẹ lọ́wọ́ bàbá mi, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń họ orúkọ lára gíláàsì, àti "Ó tó sí i" tí bàbá mi fi dí i. Ọ́ńkù ti gbà pé bàbá mi ló rán mi. Ilé oníbàárà wo ló yọ́ lọ, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ pé ó lọ sí ọ̀kan.

Kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ ní ọjọ́ yẹn? Mo ti bi ara mi títí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ẹgba ni, nítorí mo ti purọ́ mọ́ ọmọ kíláàsì mi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìtìjú ni. Lẹ́yìn ọdún kan, bàbá mi ti ń tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀, pé bóyá ọjọ́ báyìí ni òun sọ̀rọ̀ sí i láìdáa, bóyá òun kò kí ìyàwó rẹ̀ dáadáa nígbà tó bímọ. Á máa sọ ọ́ lórí oúnjẹ, á máa wojú wa. Èmi á máa wo abọ́ mi. Ìyá mi bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ta ni ọmọ kíláàsì tó sọ ìparí eré yẹn fún mi. Mo dárúkọ ọmọ kan tó ti kúrò ní ilé ìwé wa. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, kò sì tún béèrè mọ́.

Kẹ́tù aláwọ̀ ewé wà níbi tó wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Kò sẹ́ni tó gbé e. Eré àwọn lọ́yà ń bá a lọ ní Sátidé fún ìgbà díẹ̀ sí i, àga ẹnu ilẹ̀kùn ṣófo, bàbá mi ń wò, mò ń túmọ̀, mo sì mọ̀ pé kò gbọ́ mi. Kò sẹ́ni tó pè é ní Lọ́yà mọ́.

Ohun tó tún burú jù ni pátákó. Òjò àti oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ orúkọ Ọ́ńkù, mo sì ti ń gbàdúrà nínú ara mi pé kó tètè parẹ́ kí ojú mi lè sinmi. Mo dé láti ilé ìwé ní ọjọ́ kan, mo bá akunlé tó gun àkàbà. Bàbá mi dúró nísàlẹ̀, ó ń darí rẹ̀. Orúkọ méjèèjì ló ní kí wọ́n tún kùn, pẹ̀lú ejò àárín wọn. Mo ní láti máa kọjá lábẹ́ orúkọ yẹn lójoojúmọ́ títí mo fi parí ilé ìwé.

Iṣẹ́ kò dúró bó ṣe wà. Ìyáàfin kan tó ní ilé ìwé ní Ìpọ̀nrí, tí wọ́n máa ń bá tẹ ìwé ìdánwò, kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní táàmù tó tẹ̀lé e. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí bàbá mi gbà láti máa to lẹ́tà kò mọ̀ ọ́n tò. Ojú bàbá mi fúnra rẹ̀ sì ti ń ṣú, ohun tí a kò mọ̀ títí ó fi fẹsẹ̀ gbá àga ní ọ̀sán gangan. Dókítà ní ó ti pẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi dé àárín, òjìji nìkan ni bàbá mi ń rí. Èmi ti di tíṣà, mò ń gbé ní ẹ̀sítéètì Ìpọ̀nrí, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo sì máa ń lọ sí Mushin láti ka ìwé ìròyìn fún un. Èdè òyìnbó ni ìwé ìròyìn náà. Mò ń kà á, mò ń túmọ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mò ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀ mi nígbà tí orin yẹn bẹ̀rẹ̀ nínú tẹlifíṣàn. Wọ́n ti ń tún àwọn eré àtijọ́ gbé jáde ní ọ̀sán. Mo dìde láti pa á. Mo wá rí obìnrin ọlọ́lá yẹn, mo sì jókòó padà. Ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀wà, kò ṣa nǹkan kan. Onírunmú dúró lẹ́bàá fèrèsé. Àgbà lọ́yà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó la ẹnu. Iná kò lọ ní tọ̀tẹ̀ yìí.

Ó ní, "Kí lo lọ ṣe nílé obìnrin yẹn?" Onírunmú dá a lóhùn. Ó ní òun fẹ́ ní ọ́fíìsì tòun ni, òun ń wá oníbàárà tí yóò tẹ̀lé òun, ojú sì ti òun. Wọ́n pariwo mọ́ ara wọn, àgbà lọ́yà ju ìwé nílẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń ṣa ìwé náà, èkejì bẹ̀rẹ̀, ó ń bá a ṣa á. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n jọ gba ẹnu ilẹ̀kùn gíláàsì jáde lọ sí kọ́ọ̀tù. Orúkọ méjèèjì wà lára gíláàsì náà. Kò sẹ́ni tó họ orúkọ ẹnì kankan. Mo sunkún débi pé ará ilé kejì kan ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Àìkú mo lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Mo bá Ọ́ńkù níwájú ilé rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ti hu ewú, aṣọ rẹ̀ ṣì mọ́ tónítóní. Ó dá mi mọ̀ kí n tó kúnlẹ̀. Ó béèrè iṣẹ́ mi, ó béèrè ìyá mi. Kò béèrè bàbá mi, mo sì rí i pé ìyẹn ń dùn ún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní iná lọ. Mo ní kò sí ọmọ kíláàsì kankan. Mo ní èmi ni mo fi ẹnu ara mi parí eré náà, ọ̀bẹ tí mo rí lọ́wọ́ bàbá mi ni mo fi sí i, bàbá mi kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo ní orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára pátákó, wọ́n tilẹ̀ tún un kùn.

Ibẹ̀ ló ti gbé ojú sókè. Ó ní láti ọdún wọ̀nyí òun kò gba àdúgbò wa kọjá, òun ń yí gba Ìdí-Oro kí òun má bàa rí ibi tí wọ́n ti họ orúkọ òun.

"Ó wà níbẹ̀?" ó ní.

"Ó wà níbẹ̀, sà. Àwọn méjèèjì."

Ó wá ní, "Mo lọ sílé ìyáàfin Ìpọ̀nrí yẹn lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ ni. Àṣìṣe ti ń pọ̀ jù nínú ìwé ìdánwò ẹ̀, ó ní òun ń kó iṣẹ́ òun lọ. Bàbá ẹ ló ń ka púrúùfù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ojú ẹ̀ ò ríran mọ́?"

Ó nawọ́, ó fà mí dìde, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá ẹ ló rán ẹ," ó ní.

Mo ní rárá. Mo ní mo fi Ọlọ́run búra, kò sẹ́ni tó rán mi, bàbá mi kò mọ̀ pé mo wá. Bí mo ṣe ń búra ni ẹ̀rín rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

"Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Àti kékeré lo ti mọ iṣẹ́ jẹ́. Sọ fún un pé mo gbọ́."

Ọ́ńkù wá sílé wa ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Mò ń ka ìwé ìròyìn fún bàbá mi lọ́wọ́. Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí i láti ẹ̀yìnkùlé, kò kí i, ńṣe ló yára lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó ń fọ kẹ́tù. Ọ́ńkù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Lọ́yà." Bàbá mi gbé orí sókè. Kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n gbogbo ojú rẹ̀ ló yí sí ibi tí ohùn náà ti wá. "Lọ́yà," ni òun náà dáhùn, ó sì ń fi ọwọ́ wá àga ẹnu ilẹ̀kùn láti fà á fún un.

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n sọ ti eékún tó ń dun Ọ́ńkù, wọ́n sọ ti ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ tó ti kú, wọ́n jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ àlòkù yẹn. Ọ́ńkù ṣe àlùwàlá, ó kírun ní kọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ìpọ̀nrí, kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Mo jókòó sáàárín wọn pẹ̀lú ìwé ìròyìn lórí itan mi, mò ń retí kí ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ kí èmi náà lè sọ tèmi. Wọn kò sọ ọ́.

Nígbà tí Ọ́ńkù lọ tán, bàbá mi jókòó jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí àga tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde kúrò.

"Mo ti rò ó títí láti ọdún wọ̀nyí," ó ní. "Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún un. Ṣùgbọ́n ohun yòówù kó jẹ́, ó ti dárí jì mí."

Mo la ẹnu. Ojú rẹ̀ tí kò ríran wà lára mi, inú rẹ̀ dùn, mi ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní Fọ́ọ̀mù tíírì.

"Níbo la kà á dé?" ó béèrè.

Mo wá ibi tí a dé nínú ìwé ìròyìn náà. Mo kà á fún un bó ṣe wà títí dé ìparí, mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.